Nọ́ọ̀sì Tí Ń Ṣọ́ Èémí: Òògbé Oògùn Nígbà Iṣẹ́ Ọkàn

  

Ẹ̀kọ́ wa lónìí dá lórí ohun tí ọ̀pọ̀ ìdílé kì í mọ̀ àfìgbà tí ó bá kan ẹni tiwọn. Òun ni òògbé tí wọ́n ń fi oògùn fún aláìsàn nígbà tí wọ́n bá ń wo ọkàn rẹ̀ tàbí tí wọ́n ń tún un ṣe, àti nọ́ọ̀sì tó dúró tì í títí iṣẹ́ fi parí. Ìbéèrè tí nọ́ọ̀sì yìí máa bi yín kò pọ̀, wọn kò sì le. Ṣùgbọ́n ìdáhùn tí ẹ bá fún un ni yóò fi mọ ìwọ̀n oògùn tí ara bàbá tàbí ìyá yín lè gbà. Bí ìdáhùn náà kò bá jẹ́ òótọ́, ojú dúdú ni wọ́n fi ń wọn oògùn.

Kí ni wọ́n ń ṣe nínú yàrá náà?

Bí àyà bá ń fún èèyàn pa, tí dókítà sì fura pé òpó ẹ̀jẹ̀ tó ń bọ́ ọkàn ti ń dí, wọ́n lè gbé e lọ sí yàrá kan tí ẹ̀rọ X-ray rọ̀ sórí tábìlì. Wọ́n á ti rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ kan wọ òpó ẹ̀jẹ̀ láti ọrùn ọwọ́ tàbí láti oríta itan, wọ́n á máa tì í lọ díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi dé ibi ọkàn. Wọ́n á wá fa oògùn kan gba inú rọ́bà náà, èyí tó máa jẹ́ kí òpó ẹ̀jẹ̀ hàn kedere nínú X-ray. Ibi tó bá dí, wọ́n lè fẹ̀ ẹ́, kí wọ́n sì há irin kékeré tó dà bí àwọ̀n síbẹ̀ kó má baà padà dí. Irú yàrá bẹ́ẹ̀ kò tíì pọ̀ ní Nàìjíríà, Èkó àti Àbújá ni ọ̀pọ̀ nínú wọn wà. Àwọn ọmọ wa tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù àti Amẹ́ríkà mọ̀ ọ́n ju àwa lọ, nítorí iṣẹ́ ojoojúmọ́ ni níbẹ̀.

Àwọn iṣẹ́ mìíràn náà wà tí wọ́n ń fi òògbé ṣe. Wọ́n lè fi ẹ̀rọ kékeré sábẹ́ awọ àyà kó máa bá ọkàn tó ń lù jẹ́jẹ́ jù ṣiṣẹ́. Wọ́n lè ní kí aláìsàn gbé ẹ̀rọ ayàwòrán mì kí wọ́n lè wo ọkàn láti ẹ̀yìn. Wọ́n sì lè fi iná díẹ̀ ta ọkàn tó ń lù ségesège kó lè padà sí bó ṣe yẹ.

Dókítà kan ní ilẹ̀ Jámánì, Werner Forssmann, ló ti irú rọ́bà yìí dé inú ọkàn ara rẹ̀ ní ìlú Eberswalde ní 1929. Àwọn ọ̀gá rẹ̀ kò gbà fún un. Nọ́ọ̀sì kan, Gerda Ditzen, ni kọ́kọ́rọ́ ibi tí irinṣẹ́ wà ń bẹ lọ́wọ́ rẹ̀. Nọ́ọ̀sì yìí gbà láti ràn án lọ́wọ́, ó tiẹ̀ ní kó wá dán an wò lára òun. Forssmann dè é mọ́ tábìlì bí ẹni tó fẹ́ bẹ̀rẹ̀, àṣé apá ara rẹ̀ ló ti fi rọ́bà náà sí, ó sì tì í wọlé tó sẹ̀ǹtímítà 65, kí wọ́n tó jọ lọ sí yàrá X-ray láti lọ rí i pé ó ti dénú ọkàn lóòótọ́. Ẹ̀tàn tó fi dè é mọ́lẹ̀ kò dùn mọ́ mi nínú, mo sì rò pé nọ́ọ̀sì náà ló ní àyà jù nínú àwọn méjèèjì. Ní 1956 ni wọ́n fún Forssmann àti àwọn méjì mìíràn ní ẹ̀bùn Nobel.

Ẹ ṣàkíyèsí pé ojú lọkùnrin yìí wà ní gbogbo àsìkò náà. Oògùn tí ń pa ibi kan kú lára ló fi sí ojú ibi tó gún. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí títí dòní: wọ́n máa ń gún abẹ́rẹ́ apara sí ọrùn ọwọ́ tàbí itan, nítorí náà ìrora ibẹ̀ kì í pọ̀. Kí wá ni òògbé wà fún? Ẹ̀rù ni. Èèyàn tó dùbúlẹ̀ lórí tábìlì tóóró, tí iná mọ́lẹ̀ sí lójú, tó mọ̀ pé wọ́n ti nǹkan dé ọkàn òun, àyà rẹ̀ á máa já, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ á máa ru, kò sì ní lè dúró jẹ́ẹ́. Ọkàn tó ti ń ṣàárẹ̀ kò fẹ́ irú hílàhílo bẹ́ẹ̀.

Òògbé yàtọ̀ sí oorun iṣẹ́ abẹ

Oògùn tí dókítà akunilóorun ń fún ẹni tí wọ́n fẹ́ la ikùn rẹ̀ máa ń gbé e lọ pátápátá, ẹ̀rọ ni yóò máa bá a mí. Òògbé tí à ń sọ kò tó bẹ́ẹ̀. Ó dà bí ìgbà tí bàbá bá ń tòògbé lórí àga lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán. Bí ẹ bá pè é, á dáhùn. Bí ẹ bá fọwọ́ kàn án léjìká, á lajú. Òun fúnra rẹ̀ ló ń mí. Dókítà fẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀, nítorí ó lè ní kí aláìsàn mí kanlẹ̀ kó sì dá a dúró díẹ̀, tàbí kó sọ bóyá àyà ń dùn ún.

Oògùn méjì ló wọ́pọ̀ jù. Midazolam ń mú ara balẹ̀, ó sì ń pa ìrántí rẹ́. Fentanyl ń lé ìrora, ẹbí kan náà sì ni òun àti oògùn tí wọ́n ń rí láti ara ewéko ọ̀pìọ́mù. Ibn Sina ti kọ nípa ọ̀pìọ́mù gẹ́gẹ́ bí oògùn ìrora nínú ìwé rẹ̀ al-Qanun, tó parí ní nǹkan bí 1025, nítorí náà kì í ṣe ohun tuntun láàárín Mùsùlùmí. Àwọn kan a máa béèrè bóyá kì í ṣe ohun tí ń yí ni lọ́pọlọ tí ẹ̀sìn kọ̀ fún wa nìyí. Àwọn onímọ̀ ẹ̀sìn ti fọwọ́ sí i pé oògùn tí oníṣègùn fi ń mú ìrora kúrò nítorí ìwòsàn kò sí lára ohun tí ènìyàn ń mu fún fàájì. Kí ẹnikẹ́ni má fi ìyẹn kó ìnira bá ara rẹ̀.

Ìwọ̀n tí wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀ kéré gan-an. Àgbàlagbà tó ti lé ní 60 ọdún, bóyá mílígíráàmù kan midazolam ni wọ́n á kọ́kọ́ fún un, tàbí kó má tó bẹ́ẹ̀. Wọ́n á rọra fà á sí i lára, wọ́n á dúró fún ìṣẹ́jú bíi méjì sí i kí wọ́n tó pinnu bóyá kí wọ́n fi kún un. Ìdúró yìí ṣe pàtàkì. Oògùn tí wọ́n bá fi ìkánjú da lé ara wọn yóò jọ dé ọpọlọ lẹ́ẹ̀kan náà, ẹni tó ń tòògbé á sì di ẹni tí kò gbọ́ ìpè mọ́.

Èémí ni ewu wà

Gbogbo wa la rò pé bí wọ́n bá ń ṣiṣẹ́ lórí ọkàn, ọkàn nìkan ni kí a máa bẹ̀rù fún. Ṣùgbọ́n ní ti oògùn òògbé, èémí ló kọ́kọ́ ń bàjẹ́. Bí oògùn bá pọ̀ jù, ọpọlọ á gbàgbé láti máa rán ẹ̀dọ̀fóró níṣẹ́. Ahọ́n á rọ̀, á ṣubú sẹ́yìn, á dí ọ̀nà ọ̀fun. Bí afẹ́fẹ́ kò bá wọlé fún ìṣẹ́jú mélòó kan, ọkàn náà á dákẹ́.

Ọ̀pọ̀ yín rántí ikú olórin Amẹ́ríkà náà, Michael Jackson, ní 2009. Propofol, oògùn oorun tó lágbára ju midazolam lọ, ni wọ́n bá nínú ara rẹ̀ pẹ̀lú àwọn oògùn oorun mìíràn. Ilé ìwòsàn gbogbo ni wọ́n ti ń lo propofol lójoojúmọ́ láìsí wàhálà. Ṣùgbọ́n inú yàrá ilé ni wọ́n ti fún òun, kò sí ẹ̀rọ tó yẹ níbẹ̀, dókítà tó ń tọ́jú rẹ̀ sì kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀. Ilé ẹjọ́ dá dókítà náà lẹ́bi ní 2011. Kò sí ẹni tó ń ṣọ́ èémí.

Ẹni tó ń ṣọ́ ọ nínú yàrá ọkàn ni nọ́ọ̀sì. Dókítà ti kojú sí rọ́bà àti àwòrán X-ray, kò lè máa wo ojú aláìsàn. Nítorí náà, ní ibi tí wọ́n ti ń ṣe é bó ṣe yẹ, nọ́ọ̀sì tí wọ́n bá yàn fún òògbé kì í ṣe iṣẹ́ mìíràn mọ́ ọn. Kì í jáde lọ mú irinṣẹ́. Á máa wo àyà bó ṣe ń gbéra tó sì ń rọlẹ̀, á máa ka èémí: àgbàlagbà tí ara rẹ̀ le máa ń mí bí ìgbà 12 sí 20 ní ìṣẹ́jú kan. Á máa pè é: "Bàbá, ṣé ẹ ń gbọ́ mi? Ẹ mí kanlẹ̀, ẹ jọ̀ọ́." Ní ìṣẹ́jú márùn-ún márùn-ún, ó kéré tán, á kọ ìfúnpá, lílù ọkàn, èémí àti bí aláìsàn ṣe ń dáhùn sílẹ̀.

Ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n ń há mọ́ ìka ń ràn án lọ́wọ́. Takuo Aoyagi, ọmọ ilẹ̀ Japan, ló ronú bí wọ́n ṣe máa ṣe é ní nǹkan bí 1974. Iná ló ń tàn gba inú ìka kọjá láti mọ bí afẹ́fẹ́ ọ́síjìn ṣe pọ̀ tó nínú ẹ̀jẹ̀. Ṣùgbọ́n nọ́ọ̀sì tó gbọ́n kì í gbára lé e tán, ìdí méjì ló sì mú kí ọ̀rọ̀ yìí kan àwa gan-an. Èkíní, ìwádìí tí wọ́n gbé jáde ní Amẹ́ríkà ní 2020 fi hàn pé ẹ̀rọ yìí lè pe ọ́síjìn ẹni tó ní awọ dúdú ní èyí tó dára, nígbà tí kò dára tó bẹ́ẹ̀, àṣìṣe náà sì wọ́pọ̀ lára aláwọ̀ dúdú ju lára aláwọ̀ funfun lọ. Ìkejì, bí wọ́n bá ti fi ọ́síjìn sí imú aláìsàn, nọ́ńbà ẹ̀rọ lè wà lókè fún ìgbà díẹ̀ nígbà tí èémí ti ń tán lọ. Nítorí èyí ni àwọn ilé ìwòsàn tó ní agbára fi ń lo ẹ̀rọ mìíràn tó ń ka afẹ́fẹ́ tí aláìsàn ń mí síta. Èyí máa ń kígbe ṣáájú ti ìka. Níbi tí kò bá sí, ojú àti etí nọ́ọ̀sì ni.

Bí èémí bá ń lọ sílẹ̀, nọ́ọ̀sì á kọ́kọ́ pè é, á gbọ̀n ọ́n léjìká, á gbé àgbọ̀n rẹ̀ síwájú kí ahọ́n lè kúrò lọ́nà, á fi ọ́síjìn kún un, á sì pe dókítà. Oògùn tó ń pa agbára àwọn oògùn wọ̀nyí wà nítòsí: flumazenil fún midazolam, naloxone fún fentanyl. Ṣùgbọ́n agbára àwọn méjèèjì lè tètè tán ju ti oògùn tí wọ́n ń lé lọ, kí òògbé sì padà wọlé lẹ́yìn tí gbogbo ènìyàn ti rò pé ó ti tán. Nítorí náà, bí ẹ bá gbọ́ pé wọ́n lò wọ́n fún ẹni yín, ẹ má ṣe yọ nọ́ọ̀sì lẹ́nu pé kó jẹ́ kí ẹ máa lọlé kíákíá.

Iṣẹ́ ìtọ́jú aláìsàn ní ìtàn láàárín wa. Nígbà tí Sa'd ọmọ Mu'adh fara gbọgbẹ́ níbi ogun Kòtò, àgọ́ Rufaydah, obìnrin tó ń tọ́jú àwọn tó fara pa, ni Ànábì (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) ní kí wọ́n gbé e sí nínú mọ́sáláṣí ní Mẹ̀dínà. Ẹ̀yin òbí tí ọmọbìnrin yín ń fẹ́ ṣe nọ́ọ̀sì, tí ẹ ní kí ó wá nǹkan mìíràn ṣe, mo fi ìyẹn sílẹ̀ fún yín.

"Ààwẹ̀ ni mo wà" kò tíì dáhùn ìbéèrè

Nọ́ọ̀sì á bi yín ìgbà tí aláìsàn jẹun gbẹ̀yìn. Ibí yìí ni mo ti fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ jù lọ, nítorí ibẹ̀ ni àwa Mùsùlùmí ti lè dáhùn láìparọ́, kí ìdáhùn wa sì ṣi nọ́ọ̀sì lọ́nà.

Nígbà tí ojú wa bá là, bí oúnjẹ tàbí omi kíkan bá ti inú gòkè wá, a ó wúkọ́ tàbí kí a gbé e mì padà. Ẹni tó wà nínú òògbé lè má lè ṣe bẹ́ẹ̀. Oúnjẹ á gòkè, á gba ọ̀nà ẹ̀dọ̀fóró lọ, ó sì lè pa ènìyàn tàbí kó fi àìsàn ẹ̀dọ̀fóró sílẹ̀. Nítorí náà ni àwọn dókítà akunilóorun ṣe fi àkókò sí i: wákàtí méjì fún omi lásán tàbí tíì tí kò ní mílíìkì, wákàtí mẹ́fà fún oúnjẹ fúyẹ́, wákàtí mẹ́jọ fún ẹran, ohun díndín àti ọ̀rá. Bí ìwé tí ilé ìwòsàn fún yín bá sọ ohun mìíràn, ti inú ìwé yẹn ni kí ẹ tẹ̀ lé.

Ká wá ní wọ́n dá agogo 9 àárọ̀ fún Àlájì nínú oṣù Ràmàdáánì. Ó jí ní agogo 4:30, ó jẹ àmàlà pẹ̀lú ẹran ní sààrì, ó mu omi, ó dá àníyàn ààwẹ̀. Nígbà tí nọ́ọ̀sì bi í bóyá ó ti jẹun, ó ní, "Rárá o, ààwẹ̀ ni mo wà." Kò parọ́. Ṣùgbọ́n wákàtí mẹ́rin ààbọ̀ péré ni ẹran yẹn ti wà nínú rẹ̀. Lójú ẹ̀sìn, aláààwẹ̀ ni. Lójú oògùn òògbé, ẹni tó jẹun yó ni. Àkókò ni kí ẹ máa sọ fún nọ́ọ̀sì: "Agogo mẹ́rin ààbọ̀ ni mo jẹ àmàlà." Bí wọ́n bá sún iṣẹ́ náà síwájú, kò sí ohun tó bàjẹ́.

Ìdájọ́ ọjọ́ náà gan-an rọrùn. Ọlọ́hun ti yọ̀ǹda fún aláìsàn nínú Àlùkùránì láti má gba ààwẹ̀, kó sì san án padà ní ọjọ́ mìíràn. Ẹni tó ní àtọ̀gbẹ, tó ń gba abẹ́rẹ́ ínsúlínì, gbọ́dọ̀ bá dókítà sọ̀rọ̀ ṣáájú ọjọ́ náà, nítorí inú òfìfo pẹ̀lú ínsúlínì lè dá òòyì sílẹ̀ kí wọ́n tó dé ọ̀rọ̀ òògbé rárá. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru àti oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì náà, ẹ má dá a dúró fúnra yín, ẹ má sì máa lò ó lọ láìbéèrè.

Ẹ̀kọ mímu kì í ṣe omi. Kúnú kì í ṣe omi. Mílíìkì kì í ṣe omi, bó tilẹ̀ jẹ́ pé a ń mu ún. Oúnjẹ ni wọ́n jẹ́ nínú ìṣirò yìí.

Ohun kan tún wà tí mo ní láti sọ tìfẹ́tìfẹ́. Bí wọ́n bá ti ń ti aláìsàn lọ sí ẹnu ọ̀nà tíátà, ẹ̀gbọ́n kan á yọ ìgò kékeré jáde: omi samsam, tàbí omi hàǹtú tí àáfà fi ránṣẹ́, nígbà mìíràn tí wọ́n ti po oyin mọ́ ọn. "Ẹ jẹ́ kó mu ún díẹ̀, fún ààbò ni." Ẹ̀yin ará mi, inú ikùn kò mọ omi àdúà yàtọ̀ sí omi ẹ̀rọ. Bí ẹ bá fẹ́ kó mu samsam, kó mu ún kí àkókò tí ilé ìwòsàn fún un tó tó. Ní ẹnu ọ̀nà, àdúà ẹnu tó.

Ohun tí ẹnu kò fẹ́ sọ

Nọ́ọ̀sì á tún béèrè oògùn tí aláìsàn ń lò, ọtí, sìgá àti oorun rẹ̀. Nínú ilé Mùsùlùmí, ìbéèrè ọtí le. Bàbá tí gbogbo àdúgbò mọ̀ sí Àlájì, báwo ló ṣe máa sọ níwájú ìyàwó àti ọmọ pé òun ń mu ún níkọ̀kọ̀? Ẹlòmíràn kì í mu ọtí, àmọ́ ó ń mu àgbo jẹ̀dí tí wọ́n fi ògógóró rẹ láràárọ̀, kò sì ka ìyẹn sí ọtí. Ẹlòmíràn ń lo tramadol fún ẹ̀yìn dídùn, tàbí oògùn oorun tó ń rà lọ́wọ́ oníkẹ́míìsì láti ìgbà tí ìyàwó rẹ̀ ti kú. Gbogbo wọn kan oògùn òògbé. Bí tramadol tàbí oògùn oorun bá ti wà nínú ara, ti nọ́ọ̀sì á gun orí rẹ̀, èémí á sì tètè lọ sílẹ̀. Ẹni tó ti ń mu ọtí pẹ́, òògbé lè má tètè mú un. Wọ́n á máa fi kún un, títí yóò fi pọ̀ jù lẹ́ẹ̀kan náà.

Nítorí náà, bí nọ́ọ̀sì bá dé ibi ìbéèrè wọ̀nyí, ẹ dìde, ẹ ní ẹ fẹ́ lọ ra omi. Ẹ fún bàbá yín láàyè láti dá wà pẹ̀lú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí aláìsàn bá sọ fún nọ́ọ̀sì, àmánà ni lọ́wọ́ rẹ̀. Kò wà níbẹ̀ láti ṣe ìdájọ́ ẹ̀sìn ẹnikẹ́ni. Ẹ̀yin nọ́ọ̀sì tó ń ka èyí, ẹ̀yin náà ẹ má béèrè ọtí níwájú èrò.

Ìbéèrè kan wà tí aláìsàn fúnra rẹ̀ kò lè dáhùn: ṣé ó máa ń hanrun? Ìyàwó ló mọ̀ ọ́n. Bí ó bá ní ju ìyàwó kan lọ, kí èyí tó sùn tì í kẹ́yìn sọ̀rọ̀. Ẹni tó ń hanrun kíkankíkan, tí èémí rẹ̀ á dákẹ́ díẹ̀ láàárín oorun, tí yóò wá ta gìrì, ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ máa ń tètè dí nínú òògbé. Ìyẹn ni ìròyìn tó wúlò jù tí ìyàwó lè mú wá, ó sì máa ń tijú láti sọ ọ́.

Làálì, ìborí àti tírà

Ẹ̀yin ìyá, làálì dúdú àti àwọ̀ èékánná lè dí iná ẹ̀rọ ìka lọ́wọ́. Bí ẹ bá mọ ọjọ́ iṣẹ́ náà ṣáájú, ẹ fi ìka méjì ní ọwọ́ kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ láìlé làálì. Eyín àtọwọ́dá, ẹ yọ ọ́. Ìborí kò gbọ́dọ̀ ní pín-ìn-nì, nọ́ọ̀sì sì ní láti máa rí ọrùn àti ẹnu. Ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn á gbà kí ẹ fi fìlà tíátà bo irun. Bí ẹ bá fẹ́ kó jẹ́ obìnrin ló máa tọ́jú yín, ní ọjọ́ tí ẹ bá wá gba ìwé ni kí ẹ ti sọ ọ́, kí wọ́n lè ṣètò rẹ̀. Ẹ tún lè béèrè bóyá ọrùn ọwọ́ ni wọ́n lè gbà dípò itan. Dókítà kì í lè ṣe é fún gbogbo ènìyàn, ṣùgbọ́n kò burú láti béèrè.

Tírà àti ońdè tí wọ́n so mọ́ àyà tàbí ìbàdí, ó máa dí àwòrán lọ́wọ́, ó sì lè wà níbi tí wọ́n fẹ́ lẹ ohun tí wọ́n fi ń ta ọkàn jí mọ́. Ẹ tú u nílé. Ohun tí ẹ̀sìn sọ nípa síso ó, Ìmáàmù yín á ṣàlàyé rẹ̀ jù mí lọ.

Lẹ́yìn iṣẹ́

Wọn kò ní jẹ́ kó lọlé kí òògbé tó dá. Ọ̀pọ̀ ibi ń lo ìwọ̀n tí dókítà kan tó ń jẹ́ Aldrete gbé jáde: bí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ṣe ń gbéra, èémí, ìfúnpá, bí ó ṣe jí tó, àti ọ́síjìn. Máàkì méjì ni fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá gba mẹ́sàn-án tàbí mẹ́wàá ni wọ́n kà sí ẹni tó ti jí. Nígbà mìíràn bàbá á ti máa bínú pé òun ti jí tipẹ́. Ẹ jẹ́ kí nọ́ọ̀sì parí ìṣirò rẹ̀.

Mo sọ ṣáájú pé midazolam ń pa ìrántí rẹ́. Èyí ti dá ìjà sílẹ̀ nínú ilé púpọ̀. Dókítà á wá sí ẹ̀gbẹ́ ibùsùn, á ṣàlàyé ohun tó rí, bàbá á mirí, á ní òun ti gbọ́, á tiẹ̀ dúpẹ́. Tó bá di ọjọ́ kejì, á ní dókítà kò bá òun sọ nǹkan kan. Kò purọ́, kò rántí ni. Kí ọmọ tàbí ìyàwó kan wà níbẹ̀ pẹ̀lú ìwé àti kálámù.

Fún wákàtí 24, kó má wa ọkọ̀ tàbí ọ̀kadà, kó má dáná, kó má fọwọ́ sí ìwé ilẹ̀ tàbí ìwé báńkì. Kí àwọn ọmọ má lo àǹfààní náà láti mú ọ̀rọ̀ ogún tàbí gbèsè wá síwájú rẹ̀. Ohun tó bá sì sọ nínú òògbé, ìbáà ṣe èébú, àṣírí, tàbí ọ̀rọ̀ ìkọ̀sílẹ̀, ẹ fi í sílẹ̀ níbẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ bá kan ìgbéyàwó, àáfà ni kí ẹ bi kí ẹnikẹ́ni tó kó ẹrù.

Ní ti ìrun, ẹni tí iyè rẹ̀ kò tíì jí tó láti mọ ohun tó ń wí, kó dúró. Bí iyè rẹ̀ bá ti bọ̀ sípò, àlùwàlá rẹ̀ àtẹ̀yìnwá ti lọ, á tún un ṣe. Bí wọ́n bá di ọrùn ọwọ́ rẹ̀, tí dókítà ní kí omi má kàn án, kó bi àáfà bí yóò ṣe fọ èyí tó kù, tàbí bóyá tayamọ́mù ló kàn án. Bí wọ́n bá gba itan, wọ́n lè ní kó dùbúlẹ̀ gbọọrọ fún wákàtí mélòó kan. Kó má dìde tẹ rúkúù nítorí pé Àlàásárì ti tó, ẹ̀jẹ̀ lè tú níbi tí wọ́n gún. Ẹ̀sìn ti fún un láàyè láti kírun ní ìjókòó, bí kò bá lè jókòó, ní ìdùbúlẹ̀.

Ní alẹ́ ọjọ́ kìíní, kí ẹnì kan sùn sí yàrá rẹ̀. Kí wọ́n má fún un ní tramadol, oògùn ikọ́ tó ní codeine, tàbí àgbo kankan tí dókítà kò mọ̀ nípa rẹ̀. Nígbà tí ẹ bá jí i fún Àsùbáà, kó dáhùn bó ṣe máa ń dáhùn tẹ́lẹ̀. Bí ó bá ṣòro láti jí, tí èémí rẹ̀ ń dákẹ́ láàárín, tí ètè rẹ̀ yí àwọ̀ padà, tàbí tí ẹ̀jẹ̀ ń tú níbi tí wọ́n gún, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀. Bí ẹ̀jẹ̀ bá ń tú, kí ẹnì kan fi ọwọ́ tẹ ojú ibẹ̀ mọ́lẹ̀ gidigidi títí ẹ ó fi débẹ̀.